Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Yẹ Nọ́ńbà Wò Kí Ó Tó Gbà Á

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n owó ń bẹ lórí rẹ̀, ẹ̀mí sì ń bẹ lórí rẹ̀ nígbà mìíràn. Ọ̀rọ̀ àpótí kékeré kan ni, irú èyí tí a máa ń rí lójú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní báńkì, ní ilé ìwòsàn, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tàbí níbi tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti ń wọn kòkó. Fọ́ọ̀mù ni a ń pe gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Akọ̀wé yóò kọ orúkọ àgbẹ̀ sí àpótí kan, yóò kọ orúkọ abúlé rẹ̀ sí èkejì. Nígbà tí ó bá kan ẹ̀kẹta, kọ̀ǹpútà yóò béèrè pé: kílò mélòó? Akọ̀wé yóò tẹ iye, yóò tẹ bọ́tìnnì tí yóò fi í pamọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n kí iye náà tó wọ inú ìwé àkọsílẹ̀, ó yẹ kí aṣọ́nà kan ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ́nà náà ni mo fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, kí ni a tún ń ṣọ́ lára nọ́ńbà? Ṣebí ẹni tí ó tẹ 45, 45 náà ni kọ̀ǹpútà rí? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò rí 45. Àmì méjì ni ó rí, àmì 4 àti àmì 5, gẹ́gẹ́ bí yóò ti rí B àti D bí a bá tẹ àwọn yẹn. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wọ́n, kò sí ìyàtọ̀ lójú rẹ̀ láàárín iye kòkó àti orúkọ ènìyàn. Àmì tí a tò tẹ̀lé ara wọn ni gbogbo rẹ̀.

Àmì kọ̀ọ̀kan tí ó wà lórí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú àdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní ASCII. Ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 1963, àwọn kọ̀ǹpútà òde òní kò sì tíì yà kúrò lórí rẹ̀ ní ti àwọn àmì tí a ń sọ yìí. Nínú àdéhùn náà, 48 ni wọ́n fún àmì òdo, 49 ni wọ́n fún àmì 1, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí dé àmì 9 tí í ṣe 57. Àlàfo tí a ń fi sáàárín ọ̀rọ̀ méjì ní tirẹ̀, 32 ni. Lẹ́tà O ńlá, 79 ni. Nítorí náà nígbà tí akọ̀wé tẹ 45, ohun tí ó wọlé ni 52 àti 53. Kí ó tó di iye, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ yọ 48 kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí 4 àti 5 tó jáde. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ 4 di ìlọ́po mẹ́wàá, tí yóò sì fi 5 kún un. Àwa Yorùbá kì í kà á bẹ́ẹ̀. Márùndínláàádọ́ta ni àwa ń wí: a ó kọ́kọ́ dé àádọ́ta, kí a tó fi márùn-ún sẹ́yìn. Ọ̀nà méjèèjì dé ibì kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìyọkúrò 48 yẹn lè dá sílẹ̀. Ká ní akọ̀wé fẹ́ tẹ 50, tí ọwọ́ rẹ̀ wá lọ tẹ lẹ́tà O dípò òdo. Ojú ènìyàn lè máà rí ìyàtọ̀ kankan. Bí kò bá sí aṣọ́nà lẹ́nu ọ̀nà, kọ̀ǹpútà yóò ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe é: 48 kúrò nínú 79, ó ku 31, 5 lọ́nà mẹ́wàá, 50, fi 31 kún un, ó di 81. Kílò 50 ti di kílò 81. Kò sí ẹni tí ó purọ́, kò sí ẹni tí ó jalè, síbẹ̀ ẹgbẹ́ ti jẹ àgbẹ̀ kan ní owó kílò 31 tí kò gbé wá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ta ni yóò ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé lórí ẹ̀rọ táípù àtijọ́ mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà kò ní bọ́tìnnì 1 rárá. Lẹ́tà l kékeré ni wọ́n ń tẹ̀ dípò rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn kò sì ní òdo, lẹ́tà O ńlá ni wọ́n fi ń ṣe é. Lórí bébà kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, nítorí ojú ènìyàn ni yóò kà á. Kọ̀ǹpútà kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ kìn-ín-ní tí aṣọ́nà ní ni kí ó máa wo àmì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó rí i pé àmì òǹkà ni, láti òdo títí dé 9. Bí àlàfo bá wà níwájú tàbí lẹ́yìn, kí ó kàn gé e dànù, kí ó má pariwo. Mo ti rí fọ́ọ̀mù tí ó ń lé ènìyàn padà nítorí àlàfo kan ṣoṣo tí ojú kò rí, mo sì kà á sí ìwà ìkà. Bí iye náà bá lè dín sí òdo, bí ìwọ̀n òtútù ní ilẹ̀ òyìnbó, a ó fàyè gba àmì ìyọkúrò kan, ní iwájú nìkan. Bí ó bá lè ní ìdá, a ó fàyè gba póíǹtì kan, kò gbọdọ̀ ju ọ̀kan lọ.

Níbi tí póíǹtì bá wà, kọ́mà kò jìnnà síbẹ̀, kọ́mà ni ó sì ń da ọ̀rọ̀ rú jù. Ní Nàìjíríà, ọ̀nà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ wa ní ìṣirò ni a ń tẹ̀lé. Bí a bá rí 1,500, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni a ó kà. Kọ́mà náà kàn ń ran ojú lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ àti ní Pọ̀bẹ̀ ní ilẹ̀ Benin, àti àwọn Ifẹ̀ tí ó wà ní agbègbè Àtàkpàmé ní Togo, ìṣirò ti Faransé ni wọ́n kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, ibi tí àwa ń fi póíǹtì sí ni wọ́n ń fi kọ́mà sí. 1,500 lọ́wọ́ wọn kò ju ẹyọ kan àti ààbọ̀ lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, àlàfo ni wọn yóò fi sí i: 1 500. Àmì kan náà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n ń kọ ọ́, ìyàtọ̀ ìlọ́po ẹgbẹ̀rún sì wà láàárín ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ní lọ́kàn àti ohun tí èkejì kà.

Ẹ wá wo aṣọ́nà tí wọ́n kọ́ ní Èkó pé, bí ó bá ti rí kọ́mà, kí ó yọ ọ́ sọnù. Oníṣòwò kan láti Kétu tẹ 1,5 sí àpótí tọ́ọ̀nù, ó ń sọ tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀. Aṣọ́nà yọ kọ́mà, ó kù 15. Ó wo àmì méjèèjì, òǹkà ni wọ́n, ó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ ti di tọ́ọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, aṣọ́nà fúnra rẹ̀ ni ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, èyí burú ju kí ó má sí aṣọ́nà lọ, nítorí gbogbo ènìyàn ti gbàgbọ́ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí a ti ń sọ fún un pé ilẹ̀ báyìí ni a ti ń lò ó. Ẹni tí ó ń kọ ètò gbọ́dọ̀ béèrè níbẹ̀ ná. Bí ó bá ti gbà á tán, kí ó tún iye náà kọ sí ojú fọ́ọ̀mù ní kíkún, kí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ lè rí bí kọ̀ǹpútà ṣe kà á. Ẹni tí ó bá rí tọ́ọ̀nù 15 níbi tí ó ti fẹ́ kan àti ààbọ̀ yóò ké gbàjarè fúnra rẹ̀.

Nígbà wo ni ó yẹ kí aṣọ́nà yẹ nǹkan wò? Àwọn kan fẹ́ kí ó dúró ti bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, kí ó máa gbá lẹ́tà dànù bí ọwọ́ bá ti kàn án, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó tẹ A kò ní rí ohunkóhun. Ó dà bí ìmọ̀ràn tí ó gbọ́n, àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì sì ti lò ó gan-an. Àléébù rẹ̀ méjì ni. Èkínní, iye tí a ṣì ń tẹ̀ lọ́wọ́ kì í tíì jẹ́ iye. Ẹni tí yóò tẹ 3.5 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ 3 àti póíǹtì, "3." nìkan kò sì pé, bí aṣọ́nà bá le jù, kò ní jẹ́ kí ó dé ibi tí ó ń lọ. Èkejì ni pé ènìyàn lè ṣàdàkọ ọ̀rọ̀ láti ibòmíràn, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìtẹ bọ́tìnnì àmì òǹkà kankan. Aṣọ́nà tí ó jókòó ti bọ́tìnnì kò ní mọ̀ pé àlejò ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àyẹ̀wò tí ó dára jù ni èyí tí a ṣe nígbà tí akọ̀wé bá kúrò nínú àpótí náà lọ sí òmíràn, kí a sì tún ṣe é fún gbogbo fọ́ọ̀mù lápapọ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ fi í pamọ́.

Wàyí o, nọ́ńbà kan wà tí kì í ṣe iye rárá. Nọ́ńbà fóònù ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ro nọ́ńbà fóònù tèmi pọ̀ mọ́ tiyín, kí ni yóò rí? Kò sí nǹkan tí ó rí. Orúkọ ni nọ́ńbà fóònù, òǹkà ni wọ́n kàn fi kọ ọ́. Bí ẹni tí ó ṣe fọ́ọ̀mù bá ní kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di iye, òdo tí ó wà níwájú yóò pòórá, nítorí òdo tí ó bá wà níwájú iye kò níye lórí. Àmì mọ́kànlá yóò di mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tí yóò lè pe ẹni náà mọ́ bí kò ṣe ẹni tí ó bá mọ òdo tí ó sọnù. Ohun kan náà ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá lẹ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ mọ́ inú ìwé ìṣirò bí Excel láìkìlọ̀ fún un. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú wọn ni òdo ṣáájú.

Báwo wá ni aṣọ́nà yóò ṣe yẹ irú nọ́ńbà báyìí wò, níwọ̀n bí gbogbo àmì rẹ̀ ti jẹ́ òǹkà, tí kò sì sí èyí tí ó tóbi jù tàbí tí ó kéré jù? Ní ayé ìgbà tí a ń lu ihò sára káàdì fún ẹ̀rọ, ènìyàn méjì ni wọ́n ń fi ṣe é. Ẹnì kan yóò lu káàdì. Ẹlòmíràn yóò tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lórí ẹ̀rọ mìíràn, ẹ̀rọ yóò sì dá iṣẹ́ dúró níbikíbi tí ọwọ́ àwọn méjèèjì kò bá ti dọ́gba. Ọ̀nà náà dára, nítorí kì í sábà ṣẹlẹ̀ pé kí ẹni méjì ṣi ọwọ́ tẹ̀ ní ibì kan náà. Ṣùgbọ́n owó oṣù méjì ni ó ń ná wọn. Ọmọ Jámánì kan, Hans Peter Luhn, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ní Amẹ́ríkà, wá mú ìlànà mìíràn wá. Ní ọdún 1954 ni ó fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọdún 1960. Ohun tí ó rò ni pé kí nọ́ńbà máa gbé ẹlẹ́rìí tirẹ̀ rìn: kí àmì tí ó kẹ́yìn jẹ́ èyí tí a ṣírò láti ara àwọn tí ó ṣáájú. Ìlànà Luhn ni ó wà lára nọ́ńbà káàdì tí a fi ń gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì títí di òní.

Nàìjíríà ní tirẹ̀. Ní ọdún 2010 Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà NUBAN jáde, pé kí nọ́ńbà àkáǹtì di àmì mẹ́wàá ní gbogbo báńkì. Mẹ́sàn-án ìṣáájú ni nọ́ńbà tí báńkì fún oníbàárà; ìkẹwàá ni ẹlẹ́rìí. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ mú bírò àti bébà, ẹ jẹ́ kí a ṣe é pọ̀. A ó kọ àmì mẹ́ta tí a fi mọ báńkì náà sílẹ̀, a ó kọ mẹ́sàn-án ti oníbàárà tẹ̀lé e, ó di méjìlá. A ó fi 3 sọ àkọ́kọ́ di púpọ̀, a ó fi 7 sọ èkejì, a ó fi 3 sọ ẹ̀kẹta. A ó tún bẹ̀rẹ̀ 3, 7, 3 títí méjìlá yóò fi tán. A ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, a ó wá yọ ohun tí ó ṣẹ́kù kúrò nínú 10. Ohun tí ó bá jáde ni ẹlẹ́rìí. Bí ó bá jáde ní 10 gan-an, òdo ni a ó kọ.

Ká mú báńkì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 011, kí ti oníbàárà sì jẹ́ 000001457, fún àpẹẹrẹ lásán. Àwọn òdo kò mú nǹkan wá. Ti báńkì: 1 lọ́nà 7 jẹ́ 7, 1 lọ́nà 3 jẹ́ 3. Ti oníbàárà: 1 lọ́nà 3 jẹ́ 3, 4 lọ́nà 3 jẹ́ 12, 5 lọ́nà 7 jẹ́ 35, 7 lọ́nà 3 jẹ́ 21. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 81. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, 1 ni yóò ṣẹ́kù. 1 kúrò nínú 10, ó ku 9. Nítorí náà nọ́ńbà àkáǹtì náà ni 0000014579. Bí ọwọ́ ènìyàn bá ṣì, tí ó fi 5 ṣáájú 4, àròpọ̀ yóò di 77, ẹlẹ́rìí tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ yóò sì di 3. Àmì 9 ni ó wà níbẹ̀. Aṣọ́nà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kò rí bí ó ti yẹ, kí ó tó bá báńkì kankan sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí yìí kò mọ gbogbo nǹkan. Ẹ fi 4 ṣáájú 1 dípò 5 ṣáájú 4, kí nọ́ńbà náà di 0000041579, kí ẹ sì tún un ṣírò. Méjèèjì ni 3 ń sọ di púpọ̀, nítorí náà pípààrọ̀ wọn kò yí nǹkan kan padà: 81 náà ni, 9 náà ni. Aṣọ́nà yóò jẹ́ kí ó kọjá. Ìdí nìyí tí ó fi dára tí báńkì fi máa ń gbé orúkọ ẹni tí owó ń lọ bá sí ojú wa kí a tó fi í ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á; wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì kí orúkọ náà tó jáde tán. Iṣẹ́ tí ẹlẹ́rìí kò lè ṣe ni orúkọ yẹn wá ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí àwọn nọ́ńbà tí ó jẹ́ iye lóòótọ́. Bí gbogbo àmì bá tilẹ̀ dára, ó ku ìbéèrè kan: ṣé iye yìí lè rí bẹ́ẹ̀? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997, ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ USS Yorktown wà lójú òkun lẹ́bàá ìpínlẹ̀ Virginia. Kọ̀ǹpútà ni ó ń darí púpọ̀ nínú iṣẹ́ inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà tẹ òdo sí àpótí kan níbi tí òdo kò yẹ kí ó dé, ètò kọ̀ǹpútà sì fi òdo yẹn pín nọ́ńbà mìíràn. Ẹ̀yin ọmọdé, bí mo bá ní ọsàn méjìlá, tí mo ní kí ẹ pín in fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ mọ ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ní kí ẹ pín in fún ènìyàn òdo ńkọ́? Ìbéèrè náà kò ní ìdáhùn. Kọ̀ǹpútà kò rí ìdáhùn pẹ̀lú; ètò náà dákú, àwọn kọ̀ǹpútà tí ó so mọ́ ọn tẹ̀lé e, ẹ̀rọ tí ń ti ọkọ̀ kú. Ọkọ̀ ogun odidi dúró gbagidi lórí omi fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ó dín díẹ̀. Òdo jẹ́ àmì òǹkà tí kò ní àbùkù kankan. Ààlà ni kò sí.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Japan tilẹ̀ tún kọ́ni ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ Mizuho Securities fẹ́ bá oníbàárà kan ta ìpín ìdókòwò kan ṣoṣo nínú ilé-iṣẹ́ J-Com, ní iye owó yen 610,000, lórí ọjà ìpín ìdókòwò ìlú Tokyo. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ gbé iye àpótí kan sí èkejì. Ohun tí ó lọ sọ́jà ni pé wọ́n ń ta ìpín 610,000, ní yen kan péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìpín tí ilé-iṣẹ́ J-Com ní láyé kò sì ju 14,500 lọ! Kọ̀ǹpútà kìlọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ bọ́tìnnì, wọ́n kọjá ìkìlọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n rí ohun tí wọ́n ṣe, wọ́n sáré fẹ́ pa á rẹ́, kọ̀ǹpútà ọjà náà kò gbà. Nǹkan bí bílíọ̀nù 40 yen ni wọ́n pàdánù. Ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́, ní ọdún 2009 ni adájọ́ sì ní kí ọjà náà san nǹkan bí bílíọ̀nù 10.7 padà fún wọn, nítorí kọ̀ǹpútà tí kò jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí a wò nínú ìtàn yìí ni ìkìlọ̀ tí wọ́n tẹ̀ kọjá. Ajá tí ń gbó gbogbo ẹni tí ó bá kọjá, kò sí ẹni tí yóò dìde nítorí rẹ̀ lóru. Bí kọ̀ǹpútà bá ń béèrè "Ṣé ó dá yín lójú?" lórí gbogbo nǹkan, ọwọ́ yóò kọ́ láti dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni" kí ojú tó kà á. Ó yẹ kí aṣọ́nà mọ ohun tí yóò kìlọ̀ lé lórí àti ohun tí yóò kọ̀ pátápátá. Ẹni tí ó fẹ́ ta ìlọ́po 42 ohun tí ó wà láyé kò nílò ìkìlọ̀, ṣe ni kí a tì í mọ́ta. Ẹ gbé e wá sídìí kòkó wa. Àpò kòkó kan tí ó kún sábà máa ń wọn kílò ọgọ́ta lé díẹ̀. Bí akọ̀wé bá tẹ 45 fún àpò kan, kí aṣọ́nà gbà á láìfọhùn. Àpò lè máà kún. Bí ó bá tẹ 75, kí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá tẹ 450, kí ó kọ̀, nítorí póíǹtì ti bọ́ tàbí òdo ti lé. Ẹni tí ó mọ kòkó nìkan ni ó lè sọ àwọn ààlà wọ̀nyí. Ẹni tí ó mọ kọ̀ǹpútà tí kò mọ kòkó kò lè dá wọn pa.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ náà ní ààlà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ètò ni ó ń pa nọ́ńbà mọ́ sínú ibi tí kò lè gbà ju 2,147,483,647 lọ. Ó dà bí ẹni pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi kọ́bọ̀ ka owó, kò ju mílíọ̀nù 21 náírà lé díẹ̀ lọ, ilẹ̀ kan ní Èkó sì lè gbà jù bẹ́ẹ̀. Àwọn ètò kan wà tí nọ́ńbà wọn yóò yí padà di gbèsè ní kété tí ó bá kọjá ibẹ̀.

Mo ti ń yin aṣọ́nà tí ó le láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí n sọ ti èyí tí líle rẹ̀ ń ṣe ìpalára. Fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn kan béèrè ọjọ́ orí ní ọdún, ẹni tí ó ṣe é sì ti pinnu pé kò sí ọjọ́ orí tí ó kéré sí 1. Ìyá kan gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta wá. Nọ́ọ̀sì tẹ òdo, kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó fi àpótí sílẹ̀ lófìfo, kọ̀ǹpútà kọ̀. Kí ni nọ́ọ̀sì yóò ṣe, nígbà tí ọmọ ń ké lọ́wọ́ ìyá? Yóò tẹ 1. Láti ìgbà náà lọ, nínú ìwé, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ti di ọmọ ọdún kan, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fi ìwé yẹn wọn oògùn fún un yóò wọn ọ́n fún ọmọ mìíràn. Fọ́ọ̀mù tí kò bá fi àyè sílẹ̀ fún òótọ́, irọ́ ni yóò gbà, irọ́ náà yóò sì mọ́ tónítóní tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí àyẹ̀wò tí yóò rí i. Bákan náà ni ti òfìfo àti òdo. Aláìsàn tí a kò tíì wọn ìfúnpá rẹ̀ kì í ṣe aláìsàn tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ òdo. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ àpótí òfìfo di òdo, ó ti kọ ìròyìn ikú fún ẹni tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde.

Ó ku bí aṣọ́nà ṣe ń sọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ju pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ pupa kan sí ojú fọ́ọ̀mù, pé ohun tí a tẹ̀ kò dára. Àpótí wo ni? Kí ni kò dára níbẹ̀? Wọn kò wí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ burú débi pé wọn yóò pa gbogbo fọ́ọ̀mù rẹ́, akọ̀wé yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ. Akọ̀wé lè jẹ́ àgbà tí ó ti ń wọn kòkó kí ẹni tí ó kọ ètò náà tó dáyé; kò yẹ kí ẹ̀rọ máa jágbe mọ́ ọn. Kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà gan-an, ní èdè tí ẹni náà gbọ́, pé: "Ẹ jọ̀wọ́, kílò àpò yìí kò yé mi. Òǹkà nìkan ni kí ẹ kọ, bí àpẹẹrẹ 62.5." Kí ó sì fi 5O tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ó fi àwọ̀ pupa kun lẹ́tà O náà, kí ọwọ́ lè lọ tààrà sí ibi tí àṣìṣe wà.